Ọ̀págun Tó Fagi lé Pásítọ̀

Nínú gbogbo àwọn tó ń ṣe jákàn sára aṣọ ní Deco Road, kò sí ẹni tó ń fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ yangàn tó Alájì Abdulmutalib. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ṣùgbọ́n ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n rèé tó ti ń gbé Wárì, tó ń fi maṣíìnì kan ṣoṣo kọ iṣẹ́ sára ẹ̀wù àwọn olóyè Urhobo, sí fìlà àwọn ọkọ ìyàwó, àti sí àpò ṣẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ iléèwé. Bó o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, o ò ní tíì jókòó tán tí yóò fi sọ fún ọ pé òun kì í tú òwú.

"Ohun tí mo bá ti rán, mo ti rán an nìyẹn," ni yóò wí. "Ẹni tó ń rán tó tún ń tú, aṣọ ló ń dá lóró."

Mojísọ́lá ìyàwó rẹ̀, tó ń ta bọ́tìnnì àti síìpù nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà, kì í dá sí i. Yóò kàn rọra yíjú sí títì ni, nítorí òun ló mọ iye aṣọ oníbàárà tó bàjẹ́ tí wọ́n ti fi nu ilẹ̀ nílé wọn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé kan, Ẹnjiníà Olúṣínà wọlé. Ilé iṣẹ́ epo kan ló gbé ọkùnrin yìí wá láti Èkó, kò sì tíì pé ọdún kan nílùú tí ìjọ àwọn Yorùbá tó wà lẹ́yìn ojú ọ̀nà náà fi í jẹ olórí ẹgbẹ́ ọkùnrin. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, àmọ́ ìwé ti pọ̀ jù lágbárí rẹ̀. Bó o bá ní kó júwe ọ̀nà ọjà fún ọ, láti orí ẹni tó kọ́kọ́ la ọ̀nà náà ni yóò ti bẹ̀rẹ̀.

"Alájì, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi rán ọ̀págun kan."

"Ọ̀págun? Ogun wo ló ń bọ̀?"

"Kì í ṣe ogun, sà. Ìwọ́de àjọ̀dún ìjọ wa ló ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Eku ti jẹ ìyẹ́ àdàbà tó wà lára àsíá wa àtijọ́. Lọ́dún tó kọjá, àwọn èèyàn ń bi wá ní títì bóyá ìjọ àwọn olósìn adìẹ ni wá."

Ó yọ fóònù rẹ̀ jáde, ó fi àwòrán kan han Alájì. Ọ̀pá gígùn ni, wọ́n fi igi kan dábùú rẹ̀ lókè, aṣọ elésè àlùkò rọ̀ sílẹ̀ lára igi náà. Ní àárín aṣọ náà, wọ́n fi òwú wúrà kọ P gbàǹgbà kan, X sì kọjá lára ẹsẹ̀ P náà.

"Kí lèyí?" ni Alájì bèèrè.

"Orúkọ Kristi ni, lẹ́tà méjì tó ṣáájú nínú rẹ̀ lédè Gíríìkì. Èyí tó dà bí X yìí, Kí ni wọ́n ń pè é. Èyí tó dà bí P yìí, Ró ni."

"Kí ló ró?"

"Rárá, sà. Kí. Ró."

Mojísọ́lá gbójú sókè nídìí bọ́tìnnì rẹ̀. "Èmi ò gbọ́ kí nǹkan kan ró."

Ẹnjiníà Olúṣínà mí kanlẹ̀, ó fa àga, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní láyé àtijọ́, ẹyẹ idì ni àwọn sójà Róòmù máa ń gbé sórí ọ̀pá bí wọ́n bá ń lọ sójú ogun. Ìgbà tó ṣe, ọba wọn kan tí wọ́n ń pè ní Kọ́nsítántáìnì fẹ́ lọ bá ọba ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jà. Wọ́n ní ó rí àmì ìmọ́lẹ̀ kan lójú ọ̀run, ìwé sì wà lára rẹ̀ pé nípa èyí ni kó fi ṣẹ́gun. Bó ṣe sùn lóru, ó lá àlá, Jésù fi àmì yẹn kan náà hàn án, ó ní kó ṣe irú rẹ̀ gbé lọ sógun. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, ọba ránṣẹ́ pe àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà àtàwọn oníṣẹ́ ọnà. Ó jókòó sáàárín wọn, ó ń júwe rẹ̀ fún wọn. Àwọn mìíràn fi àmì náà sórí ọ̀pá, àwọn mìíràn fi sára asà, nígbà tó yá wọ́n fi sára aṣọ ọ̀págun pàápàá.

Títí dìgbà yìí, etí kan ni Alájì fi ń gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ oníṣẹ́ ọnà, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí maṣíìnì.

"Ẹ dúró ná. Òru ló lá àlá?"

"Òru ni, sà."

"Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló pe oníṣẹ́ ọwọ́?"

"Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́."

"Ọjọ́ wo ló ní kí wọ́n kó iṣẹ́ wá?"

Ẹnjiníà kò ro ibẹ̀ yẹn rí. "Ó jọ pé... kíákíá ló fẹ́ ẹ, nítorí ogun."

Alájì pàtẹ́wọ́ gbà! "Mojísọ́lá, ṣé o gbọ́? Kọsítọ́mà ò yí padà láti ayé Róòmù! Òun ló sùn, òun ló lá àlá, oníṣẹ́ ọwọ́ ni yóò máa sáré. Ó sì tún wá jókòó tì wọ́n! Kọsítọ́mà tó bá jókòó tini, Ẹnjiníà, ó burú ju èyí tó ń pè lórí fóònù lọ. 'Fà á síbí díẹ̀. Dín in kù lọ́hùn-ún.' Kí lorúkọ àwọn oníṣẹ́ ọnà náà?"

"Wọn ò kọ ọ́ sílẹ̀, sà."

Èyí dun Alájì dọ́kàn. Ó gba iṣẹ́ náà lójú ẹsẹ̀.

Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi ṣe é. Ó lọ ra aṣọ àlùkò tó nípọn ní ọjà ńlá, ó sì yan òwú wúrà tó jẹ́ pé bí oòrùn bá kàn án, ìwọ tó ń wò ó ni yóò ṣẹ́jú. Nígbà tí Mojísọ́lá rí i tó ń rán an tó ń dá rẹ́rìn-ín, ó sún mọ́ ọn.

"Bàbá Humairah, kí lẹ máa sọ bí wọ́n bá bi yín ní mọ́ṣáláṣí pé orúkọ ta lẹ rán yìí?"

"Ànábì Ìsá ni. Ta ni ò mọ Ànábì Ìsá? Bá mi mú sísọ́ọ̀sì yẹn wá."

Bí Alájì ṣe ń ránṣọ, kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìjọ tó ń ránṣọ fún. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jà ràn-ìn nílẹ̀ níbẹ̀ láti bí oṣù kan, pé àwọn àgbààgbà tó wà ní olú ìjọ fẹ́ gbé Pásítọ̀ Adéfọláhàn kúrò ní Wárì lọ sí ẹ̀ka wọn kékeré tó wà ní Aladja. Àwọn kan ń sunkún nítorí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn kan ń dúpẹ́ lábẹ́lẹ̀, nítorí ìwàásù Pásítọ̀ gùn ju òjò oṣù keje lọ. Pásítọ̀ alára ti gbọ́ ọ, ojú tó fi ń wo gbogbo èèyàn sì ti yí padà. Bí ẹnìkan bá kí i pé "ẹ pẹ́ fún wa," yóò dúró, yóò rò ó bóyá èébú ni.

Nínú irú ìjọ bẹ́ẹ̀ ni Ẹnjiníà Olúṣínà gbé ọ̀págun wọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi.

Wọ́n pe Alájì àti ìyàwó rẹ̀ wá wo bí wọn yóò ṣe ṣí i. Alájì wọ jalamíà funfun àti fìlà tuntun. Àṣà ti wọ̀ ọ́ lára, nítorí náà ó bọ́ bàtà rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà kó tó wọlé, ó wá jókòó lẹ́yìn láìwọ bàtà, ó ń retí ìyìn. Dúrótoyè, ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin ìjọ tó ń ṣiṣẹ́ irin ní Aladja, ló jó ọ̀pá náà pọ̀. Páìpù irin gidi ni, ó ga ju ilẹ̀kùn lọ. Dúrótoyè nàró tì í níwájú bí ẹ̀ṣọ́, Ẹnjiníà sì fa ìbòrí kúrò lójú aṣọ.

Wúrà kọ mànà. Gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́.

Alájì fi ìgúnpá gún ìyàwó rẹ̀. "Ṣé o rí i? Ẹnu ti gbẹ wọ́n."

Lẹ́yìn náà ni Ìyá Ìjọ dìde. Màmá Ìyádùnní ni wọ́n ń pe obìnrin yìí. Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì tíì fi tíṣà sílẹ̀ lójú. Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún, ó tún un fi sójú.

"Ta ló fagi lé P?"

"Kò sẹ́ni tó fagi lé e, Mà," ni Ẹnjiníà dáhùn.

"Ẹnjiníà, ọdún márùndínlógójì ni mo fi máàkì ìwé. Mo mọ fagi lé tí mo bá rí i. P ni wọ́n kọ, wọ́n ní kò gbà."

Ohùn kan ké láti ẹ̀yìn. "P! Pásítọ̀ ni!"

"Yéè! Wọ́n ti fagi lé Pásítọ̀!"

Ilé dàrú. Àwọn kan ń sunkún, àwọn kan ń bèèrè ta ló fọwọ́ sí i. Peculiar, ọmọbìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, ní tirẹ̀ gun orí bẹ́ǹṣì. "Na demolition mark be that o! When government paint X for my mama house, e no reach two weeks, katapila don land!" Bí wọ́n ṣe gbọ́ katapílà, àwọn tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri sún kúrò lára ògiri.

Ẹnjiníà Olúṣínà na ọwọ́ sókè. "Ẹ̀yin ará, ẹ fara balẹ̀. Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún kan ààbọ̀ àti igba sẹ́yìn... Gíríìkì ni. Kí, Ró..."

"Kí ló ró?" ni gbogbo wọn bèèrè.

Nígbà náà ni Pásítọ̀ Adéfọláhàn dìde. Ó rìn lọ síwájú ọ̀págun náà, ó wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ẹnjiníà," ni ó wí, "bí ẹ ò bá fẹ́ mi mọ́, ṣé ẹnu yín ò lè sọ ọ́ ni? Ọdún mẹ́sàn-án ni mo lò láàárín yín. Mo sin òkú yín, mo sọ ọmọ yín lórúkọ. Ṣé dandan ni kí ẹ fi òwú wúrà kọ ọ́, kí ẹ tún gbé e lọ yí ìlú ká?"

Ìyàwó rẹ̀ ti di báàgì rẹ̀ mú, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ẹnjiníà ń wo ọ̀págun, ó ń wo Pásítọ̀. Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni máa rí i tí àlàyé tán lẹ́nu rẹ̀.

Màmá Ìyádùnní ló wá ọ̀nà àbáyọ. Ó nawọ́ sí Alájì lẹ́yìn. "Alájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú abẹ́rẹ́ yín wá. Ẹ tú X yẹn kúrò, kí P dá dúró. Ọ̀rọ̀ ti parí."

Bí ìgbà tí wọ́n da omi gbígbóná sí Alájì lẹ́sẹ̀ ni. "Kí n tú kí ni?"

Mojísọ́lá di jalamíà rẹ̀ mú, Alájì já ara rẹ̀ gbà. Ó rìn wá síwájú láìwọ bàtà, gbogbo ìjọ sì ń la ọ̀nà fún un, nítorí ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tí Alájì fẹ́ wá ṣe lórí pẹpẹ.

"Mo kí gbogbo ilé," ni ó bẹ̀rẹ̀. "Èmi kì í tú òwú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rán fún yín. Ọba kan ló wà ní Róòmù. Ó lá àlá lóru, kò sì ní sùúrù. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa tó fi ní kí wọ́n lọ pe àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wá. Ẹ wò wọ́n bí wọ́n ṣe tò wọlé, ipin lójú, bóyá ẹnìkan nínú wọn ò tíì fọ ẹnu. Ọba ní, 'Ẹ jókòó.' Wọ́n jókòó. Ọba náà jókòó! Ṣé ẹ mọ irú ìnira tí ó jẹ́ kí ọba jókòó tini, kó máa wo ọwọ́ ẹni?"

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Alájì rí i, ó gbóhùn sókè.

"Ọba ní, 'X ni kí ẹ ṣe, P ni kí ẹ gbé lé e.' Wọn ò bi í pé kí nìdí. Oníṣẹ́ ọwọ́ tó bá ń bi ọba ní kí nìdí, orí rẹ̀ ni yóò dáhùn. Wọ́n ṣe é. Orúkọ Jésù tiyín ni, bí àwọn Gíríìkì ṣe ń kọ ọ́. Ọba gbé e lọ sógun, ó sì ṣẹ́gun. Àwọn sójà Róòmù tó jẹ́ pé àwọn gan-an ló ti ń lé onígbàgbọ́ káàkiri tẹ́lẹ̀, wọ́n wá ń rìn tẹ̀lé orúkọ náà lẹ́yìn! Ohun tí mo fi ọjọ́ mọ́kànlá rán nìyí. Màmá, olùkọ́ ni yín. Bí ọmọ kan bá kọ èdè Gíríìkì, ṣé tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ló yẹ kó máàkì rẹ̀?"

Màmá Ìyádùnní rò ó. Olóòótọ́ ni, kò lè purọ́ lórí ọ̀rọ̀ ìwé. "Kò yẹ," ni ó wí, ó sì jókòó.

Pásítọ̀ ṣì dúró. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Nítorí náà, Alájì, èmi kọ́ ni?"

"Pásítọ̀, òní ni mo kọ́kọ́ rí yín. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yin ni mo fẹ́ fagi lé, ṣé òwú wúrà ni n ó wá lò? Dúdú lásán ti tó."

Ẹ̀rín bú jáde nínú ilé. Pásítọ̀ gan-an kọ́kọ́ gbìyànjú láti mú un mọ́ra, ó sì rẹ́rìn-ín títí tó fi ní láti di Dúrótoyè mú kó má baà ṣubú. Ìyàwó rẹ̀ padà síjòókòó. Ohun kan ṣoṣo ni Màmá Ìyádùnní tún bẹ̀bẹ̀ fún, pé kí wọ́n kọ nǹkan sí ìsàlẹ̀ fún àwọn tí ò lọ sí iléèwé Gíríìkì. Alájì gbà, nítorí fífi kún kì í ṣe títú. Lọ́jọ́ Wẹ́sídeè ó rán JÉSÙ NI sí ẹsẹ̀ aṣọ náà, lẹ́tà kéékèèké.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ìwọ́de. Alájì fi abẹ́rẹ́ àti òwú sápò, ó tẹ̀lé wọn, ó ní òun kàn fẹ́ mójú tó iṣẹ́ òun ni. Dúrótoyè gbé ọ̀págun ṣáájú. Àwọn ọkùnrin ìjọ tò tẹ̀lé e nínú kákí àti bẹ́rẹ́ẹ̀tì, àwọn afọnfèrè wà láàárín, Pásítọ̀ àti Ìyá Ìjọ wà lẹ́yìn. Deco Road sì rí bó ṣe máa ń rí. Wọ́n páàkì ọkọ̀ sí ọ̀tún, wọ́n páàkì sí òsì, kẹ̀kẹ́ márùwá tò sáàárín, àwọn oníṣòwò ti tẹ́ ọjà dé ojú ọ̀dà. Lọ́dún tó kọjá, wákàtí kan gbáko ni àdàbà aláìníyẹ̀ẹ́ fi dúró sójú kan níbẹ̀.

Awakọ̀ kẹ̀kẹ́ kan ló kọ́kọ́ gbójú sókè. Ó rí P ńlá lókè, ó rí X lára rẹ̀, ó rí ogunlọ́gọ̀ ọkùnrin nínú kákí tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"No Parking!" ni ó ké. "Task force don come! Dem carry signboard dey waka!"

Kí ló tún kù? Ẹni tó ń jẹun fi abọ́ sílẹ̀. Ẹni tó ń fárí lọ́wọ́ sáré bọ́ sínú ọkọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú orí ìlàjì. Ńṣe ni ẹ́ńjìnnì ń dún gbàrà gbàrà, àwọn obìnrin ń gbé agboorùn àti agbọ̀n tòmátì sẹ́yìn, kẹ̀kẹ́ ń bọ́ sí ojúlé olójúlé. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, Deco Road là gbọnrangandan bí ọ̀nà ọ̀run. Àwọn afọnfèrè tí wọn ò rí àyè ṣí apá rí ya apá wọn, wọ́n fọn fèrè. Dúrótoyè bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹsẹ̀ bí ọ̀gágun. Ojú Ẹnjiníà Olúṣínà kún fún omijé.

"Alájì! Ṣé ẹ rí i? Nípa èyí ni wọ́n fi ṣẹ́gun!"

"Ẹ sọ fún Dúrótoyè kó gbé e tààrà," ni Alájì dá a lóhùn. "Ó ń fi etí aṣọ gbá ilẹ̀."

Ìgbà tí wọ́n sún mọ́ ni ọkùnrin kan tó ti bá ọkọ̀ rẹ̀ bọ́ sí ẹ̀bá gọ́tà ka ìsàlẹ̀ ọ̀págun. Ó fi ọwọ́ borí, ó kígbe sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀: "See am! Even Jesus don tire for una parking!" Gbogbo títì bú sẹ́rìn-ín. Àwọn tó ti ń sá padà wá, wọ́n ń jó tẹ̀ lé ìwọ́de náà.

Bí wọ́n ṣe dé orí kọ́nà, ọkọ̀ àwọn tó ń gbé ọkọ̀ tó bá páàkì síbi tí kò yẹ yọ sí wọn. Èyí kì í ṣe eré. Ọ̀gá wọn bọ́ sílẹ̀, ikùn ló ṣíwájú rẹ̀.

"Who give una power to carry our sign waka?"

Fèrè dákẹ́. Ẹnjiníà sún síwájú láti ṣàlàyé Gíríìkì, Pásítọ̀ rọra fà á sẹ́yìn ní bẹ́líìtì. Ọ̀gá náà wo ọ̀págun yíká, ó fọwọ́ pa jákàn náà lójú.

"Who sew this thing?"

Alájì Abdulmutalib, tí kì í jẹ́ kí àlejò jókòó tán kó tó ròyìn ara rẹ̀, ń wo ojú sánmà bí ẹni tó ń retí òjò. Ó tilẹ̀ ti ń sún sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ti wọ àpò láti fi abẹ́rẹ́ pamọ́.

Ọ̀gá náà bojú wo Deco Road látòkè délẹ̀. Kò sí ọkọ̀ kan níbẹ̀. "Six years wey I dey this work," ni ó wí jẹ́jẹ́, "I never see this road so. I wan make the person sew am for all my boys."

"Èmi ni!" ni Alájì ké. "Na me! Na me sew am, Oga!" Ó ti fi ìgúnpá la àárín àwọn afọnfèrè kọjá kó tó parí ọ̀rọ̀ náà. Abẹ́rẹ́ tó gbàgbé sọ́wọ́ gún ọ̀kan nínú wọn, Alájì sì ń bẹ̀ ẹ́ bó ṣe ń kọjá.

Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, lẹ́tà dé láti olú ìjọ. Igbákejì Pásítọ̀ ni wọ́n gbé lọ sí Aladja. Pásítọ̀ Adéfọláhàn wàásù ìdúpẹ́ fún wákàtí mẹ́ta, àwọn tó ti ń sunkún nítorí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo aago. Alájì wà nídìí maṣíìnì ní tirẹ̀, ó ń kọ No Parking sẹ́yìn ẹ̀wù mẹ́rìnlá. Ó bèèrè òwú pupa lọ́wọ́ Mojísọ́lá, Mojísọ́lá fún un ní èyí tó ṣú díẹ̀, Alájì ní kì í ṣe pupa, Mojísọ́lá ní pupa ni, wọ́n sì wà lẹ́nu rẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun alásàrí.